Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ́ra fún ìyá tàbí ọkọ yín nílé, kì í ṣe agbára o! Àdí àgbọn tiwa-n-tiwa l'Àgbádárìgì níbí ni mò ń lò níbi iṣẹ́ ara wíwọ́ mi. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni mo fi ń ra á títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí bí òróró tútù bá bà lé ẹ̀yìn lójijì, ńṣe ni iṣan máa ń le. Ẹ rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn. Ẹ má tẹ eegun náà fúnra rẹ̀ rárá. Bí ẹni tí ẹ ń wọ́ bá ti ń séèémí, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù nìyẹn, kódà bó ní kò dun òun.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dunni ńkọ́? Ẹ má wọ́ ọ rárá. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Ẹ tètè gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn.