Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní kẹ́ ẹ tó lè wọlé ka másítáàsì nínú ìmọ̀ oògùn ẹran ọ̀sìn àti oògùn oko

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbani wọlé fún kọ́ọ̀sì yìí, ìwé ẹ̀rí yín nìkan kọ́ ló máa mú yín wọlé o. Ohun táwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù yẹn ń wá ni bóyá ẹ mọ ibi tí ìmọ̀ yín kù sí, torí kò sẹ́ni tó ń bọ̀ níbẹ̀ tó mọ ọ́n tán. Ẹni tó ka fáàmásì mọ oògùn dáadáa àmọ́ kò mọ bí inú màlúù ṣe rí, ẹni tó ka ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn mọ màlúù ó mọ adìyẹ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kó ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi po abẹ́rẹ́ kan mọ́ òróró tí wọ́n sì po òmíràn mọ́ omi, á máa wòkè. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wọlé ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa múra sílẹ̀ fún.

Dígírì àkọ́kọ́ la máa fi bẹ̀rẹ̀. Fáàmásì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, ì báà jẹ́ B.Pharm, M.Pharm tàbí Pharm.D, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso àwọn apòògùn níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn iléèwé kan máa ń gba dókítà ẹranko àtàwọn tó ka ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn tàbí pharmacology, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Ní ti gíréèdì, second class upper tàbí ohun tó bá a dọ́gba lẹ máa rí jù, àmọ́ ẹni tó ní lower tó sì ti ṣiṣẹ́ nídìí oògùn ẹranko fún ìgbà díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ jókòó sílé, ẹ kọ ímeèlì sí wọn kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù, wọ́n máa sọ fún yín bóyá wọ́n lè wo iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe mọ́ ọn.

Ẹ tún wò ó dáadáa, gbogbo dígírì kejì kọ́ ló gùn bákan náà. Nílùú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ṣe kírẹ́díìtì 60 máa gba sátífíkéètì, 120 jẹ́ dípúlómà, tó bá wá fi ìwádìí kún un tó di 180, másítáàsì nìyẹn. Ó dáa fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, torí tápá ò bá ká a mọ́ lágbede méjì, ó ṣì lè gba ohun tó ti ṣe dé. MPhil àti PhD ní tiwọn, ìwádìí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mú àbá ìwádìí dání, ẹ tún gbọ́dọ̀ rí prófẹ́sọ̀ tó gbà láti máa tọ́ yín sọ́nà.

Ìwé tẹ́ ẹ máa kó jọ ò ju èyí tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ lọ: transcript, lẹ́tà ìjẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, CV, àti IELTS tàbí TOEFL tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú un wá. Èsì ìdánwò èdè méjèèjì yìí kì í lò ju ọdún méjì lọ o, ẹ má sáré lọ ṣe é nígbà tẹ́ ò tíì mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa wọlé. Transcript ló máa ń pẹ́ jù, ẹ kọ́kọ́ béèrè fún un ná kẹ́ ẹ tó máa wá èyí tó kù. Ní ti lẹ́tà ìjẹ́rìí, ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ olùkọ́ yín kí èkejì sì wá látọ̀dọ̀ dókítà ẹranko tàbí ọ̀gá fáàmù tó ti bá yín ṣiṣẹ́, torí lẹ́tà tí olùkọ́ méjì bá kọ máa ń jọra wọn ṣáá.

Lẹ́tà tẹ́ ẹ máa fi ṣàlàyé ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ka kọ́ọ̀sì náà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń já èèyàn jù. Ẹlòmíì á kọ pé láti kékeré lòun ti fẹ́ràn ẹranko, ó tán, kò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí dípò rẹ̀, pé ẹ rí i pé àwọn tó ń sin àgùntàn máa ń wá ra oògùn aràn lọ́dọ̀ yín, pé ojú ni wọ́n fi ń wọn ẹran dípò òṣùwọ̀n, pé oògùn tí wọ́n ń fún un kì í pé, aràn yẹn kì í wá kú mọ́, ẹ sì fẹ́ mọ bẹ́ ẹ ṣe lè tún un ṣe. Ẹni tó bá ka èyí á mọ̀ pé ẹ ti rí ìṣòro náà lójú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan hàn yín, torí irú ẹ̀ máa ń wà nínú ìdánwò. Ìwọ̀n ivermectin, ìyẹn oògùn aràn, fún àgùntàn ni mílígíráàmù 0.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Tí àgùntàn bá wọn kílò 60, mílígíráàmù 12 nìyẹn, tí abẹ́rẹ́ náà bá jẹ́ mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan, mílílítà 1.2 lẹ máa fà. Ó rọrùn. Àmọ́ tí agbo náà bá ní àgùntàn tó wọn 45 tó wọn 60 tó wọn 75 ńkọ́? Ẹni tó fi ìwọ̀n àárín ṣe é fún gbogbo wọn ti fún àwọn tó sanra ní oògùn tí kò tó, inú wọn ni aràn tí oògùn ò ní lè pa mọ́ á ti máa jáde. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé kẹ́ ẹ fi èyí tó wúwo jù ṣe ìwọ̀n, tí wọn ò bá sì jọra rárá kẹ́ ẹ pín agbo náà sí ọ̀nà méjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka fáàmásì, ẹ lọ ka bí ara ẹranko ṣe ń lo oògùn kẹ́ ẹ tó wọlé, mi ò ní kẹ́ ẹ mọ gbogbo ẹ̀ tán, àmọ́ ẹ má lọ síbẹ̀ lófìfo. Ológbò ò ní ẹ́ńsáìmù tó pọ̀ tó nínú ẹ̀dọ̀ tó lè tú paracetamol, ẹyọ kan péré lè pa á. Permethrin tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ajá nítorí eégbọn, ológbò ò gbọ́dọ̀ fara kàn án. Ajá collie tó bá ní àlébù nínú jíìnì MDR1, ivermectin tí màlúù ń gbà láìsí wàhálà lè wọnú ọpọlọ rẹ̀ lọ. Monensin tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ, tí ẹṣin bá jẹ ẹ́ ọkàn ẹ̀ ló máa bà jẹ́. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ sì rèé, bakitéríà inú rẹ̀ ló ń bá a da oúnjẹ, antibiotics, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà, tẹ́ ẹ bá gba ẹnu fún un lè pa àwọn yẹn kí ẹran náà má lè jẹun mọ́. Ẹ ò rí i pé ẹranko kì í ṣe èèyàn kékeré?

Èyí tó tún le jù lójú tèmi ni pé èèyàn máa jẹ ẹran yẹn. Èèyàn tó lo oògùn, kò sẹ́ni tó máa sè é, àmọ́ màlúù tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ lónìí, wàrà rẹ̀ lè wà lórí tábìlì lọ́la. Ìdí nìyẹn tí oògùn kọ̀ọ̀kan fi ní iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n tó pa ẹran náà tàbí kí wọ́n tó ta wàrà rẹ̀, withdrawal period ni wọ́n ń pè é, léraléra ni wọ́n sì máa bi yín nípa rẹ̀. Chloramphenicol, ọ̀kan lára antibiotics, tiẹ̀ wà lára èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò gbà kí wọ́n fún ẹran jíjẹ rárá, torí ohun tó lè ṣe fún mùdùnmúdùn inú egungun ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ó tún kan àwọn ẹyẹ, igún tó jẹ òkú màlúù tí wọ́n fún ní oògùn ìrora tó ń jẹ́ diclofenac, kíndìnrín rẹ̀ ló máa ń kú, ìyẹn ló fà á tí Íńdíà, Pakistan àti Nepal fi fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn lọ́dún 2006.

Òfin ò ṣeé fò o. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de kí wọ́n máa fi antibiotics sínú oúnjẹ ẹran torí kó lè tètè tóbi, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2006, òfin wọn tuntun lórí oògùn ẹranko sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2022. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1994 ló jẹ́ kí dókítà ẹranko lè lo oògùn lọ́nà tí wọn ò kọ sára páálí rẹ̀, tó fi mọ́ oògùn èèyàn. Ní Bìrìtéènì, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín oògùn ẹranko sí, apòògùn sì lè fúnra rẹ̀ kọ èyí tó wà ní POM-VPS fún oníbàárà, àmọ́ tó bá jẹ́ POM-V, dókítà ẹranko nìkan. Ẹ wo ti ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ sí ṣáájú ti ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kàwé sí.

Apá ti oko kéré sí ti ẹranko nínú ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì: oògùn apakòkòrò, oògùn tó ń pa koríko, oògùn eku, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn àti bí wọ́n ṣe ń da èyí tó ṣẹ́kù nù. Omi oògùn organophosphate, ìyẹn irú oògùn apakòkòrò kan, tí wọ́n ń ri àgùntàn bọ̀ ni kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, ẹni tó ń ri àgùntàn gan-an lè kó májèlé níbẹ̀, ẹ mọ àmì rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé atropine ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn.

Tó bá kan ìwádìí àṣekágbá, ẹni tó bá fẹ́ lo ẹranko gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ iléèwé ná, ohun tí William Russell àti Rex Burch gbé kalẹ̀ lọ́dún 1959 ni wọ́n ṣì fi ń wò ó: ṣé ẹ ò lè lo nǹkan míì dípò ẹranko, ṣé ẹ ò lè dín iye wọn kù, ṣé ẹ lè dín ìrora wọn kù. Àṣẹ yìí máa ń pẹ́. Ẹni tí àkókò rẹ̀ ò pọ̀ lè lọ wo àkọsílẹ̀ oògùn tí àwọn fáàmù tàbí ilé ìwòsàn ẹranko ti rà dípò ìyẹn. Ìyẹn náà gba àṣẹ o, àmọ́ ó sábà máa ń yá ju ti ẹranko lọ.

Bí kọ́ọ̀sì náà bá jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tẹ́ ẹ ti máa fọwọ́ kan ẹranko, ẹ béèrè bóyá àjọ apòògùn níbi tẹ́ ẹ wà máa gba ìwé ẹ̀rí náà, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó ń darí ìwádìí. Dígírì yìí ò sọ yín di dókítà ẹranko, ẹ ò lè torí ẹ̀ máa yẹ ẹran wò kẹ́ ẹ sì máa sọ àrùn tó ń ṣe é. Tí iléèwé kan bá ń ṣèlérí bẹ́ẹ̀, ẹ má sanwó fọ́ọ̀mù wọn.