Bí ẹ ṣe máa lóòdù speargun onírọ́bà láì fi apá jà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé speargun, ìbọn tó ń yin irin ọ̀kọ̀ pa ẹja nínú omi, wọ omi, ó tó ìṣẹ́jú 20 tí mo fi ń bá rọ́bà jà. Mo fà á, ó padà síwájú. Mo tún fà á, ó dé ìdajì, apá mi ń gbọ̀n, ó tún padà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìdí ìbọn yọ̀ kúrò láyà mi, ó gbá mi lágbọ̀n, ẹnu tí mo là láti pariwo ni omi iyọ̀ gbà wọlé. Bàbá ará Kúbà kan tá a jọ wá nínú ọkọ̀ kan náà léfòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á ti lé ní ọmọ 60 ọdún, wọn ò sanra, wọn ò tiẹ̀ ga tó mi, wọ́n gbé tiwọn sáyà, wọ́n nawọ́, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kà! rọ́bà ti kọ́ eyín ara irin. Wọ́n wá wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó wọ bàtà sódì, wọ́n ní, "Mijo (ìyẹn ọmọ mi), apá lo fi ń fà á."

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, inú ọ̀rọ̀ yẹn ló ti jáde.

Gúúsù Florida ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ọ, torí náà òfin tẹ́ ẹ bá rí níwájú, ti Florida ni o, ẹni tó bá wà níbòmíì kó lọ wádìí tiwọn kó tó wọ omi.

Ẹni tí ò tíì rí speargun rí, ẹ rántí àkàtàm̀pó táwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ń lò, ó jọ ọ́ gan-an, àfi pé inú omi lèyí ti ń ṣiṣẹ́ tí rọ́bà sì rọ́pò ọrun àti ọsán. Kò sí ẹ̀tù níbẹ̀, kò sí gáàsì. Igi gígùn kan ni, àwọn míì páìpù aluminium tàbí carbon ni, ọwọ́ ìdìmú àti tírígà wà lẹ́yìn, irin ọ̀kọ̀ dùbúlẹ̀ lé e lórí, rọ́bà so mọ́ imú rẹ̀ níwájú. Láàrin rọ́bà yẹn lokùn kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní wishbone, òun la máa fi kọ́ eyín ara irin. Eyín yìí máa ń jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n dúró ṣóńṣó bíi lẹbẹ ẹ̀yìn ẹja. Lórí ọkọ̀ tí mo máa ń bá lọ, liga ni wọ́n ń pe rọ́bà, varilla ni wọ́n ń pe irin, torí ará Kúbà ló pọ̀ jù níbẹ̀, èmi náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó le jù kọ́kọ́: inú omi nìkan lẹ ti ń lóòdù ìbọn yìí. Kì í ṣe nínú ọkọ̀, kì í ṣe létí òkun, kì í ṣe nínú pálọ̀ torí ẹ fẹ́ ya fọ́tò. Tó bá yìn nínú omi, omi fúnra rẹ̀ máa gba agbára lọ́wọ́ irin yẹn láàrin mítà díẹ̀. Tó bá yìn nínú afẹ́fẹ́, kò sóhun tó máa dá a dúró àfi okùn tó so mọ́ ọn, okùn yẹn lè já, tàbí kó fa irin padà wá bá ẹni tó yìn ín. Mi ò mọ eré tí wọ́n ń fi ìyẹn ṣe.

Kẹ́ ẹ tó kó sómi, ẹ wo rọ́bà dáadáa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ti ń sán wẹ́wẹ́, pàápàá níbi tí wọ́n ti di wishbone mọ́ ọn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má sọ pé ó ṣì máa tó òní. Ẹ fi ìka yẹ wishbone wò bóyá ó ti ń họ, eyín irin tó bá ti ní etí mímú ló máa ń gé e jẹ, ìwé dídán tí káfíńtà fi ń ha igi lè bá yín yanjú ìyẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ti irin wọ inú tírígà títí ẹ ó fi gbọ́ ọ kó dún, ẹ wá di irin mú, ẹ fà á síwájú gidi. Tó bá yọ, ẹ̀rọ tírígà yẹn ò mú un, ilé ni kẹ́ ẹ gbé ìbọn náà padà sí lọ́jọ́ yẹn. Okùn irin náà, ẹ rí i pé kò gba orí rọ́bà kọjá, torí tí rọ́bà bá tẹ okùn mọ́lẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá yìn ín lẹ máa mọ̀.

Ó yá, a ti wà nínú omi. Ẹ jìnnà sí ọkọ̀, ẹ jìnnà sí ẹni tẹ́ ẹ jọ wá, ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn kí imú ìbọn máa wo ibi tí kò séèyàn. Ẹ léfòó, kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì díẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àga onítìmùtìmù, kí ẹsẹ̀ máa fi lẹbẹ rọ́bà tẹ́ ẹ wọ̀ tẹ omi jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀. Ìdí ìbọn, àárín igbá àyà lẹ máa gbé e lé, orí egungun yẹn gan-an. Tó bá lọ sókè jù, ọ̀nà ọ̀fun ló ń wá, tó bá sọ̀ kalẹ̀, ikùn ni, ikùn ò sì lágbára láti dì í mú. Wetsuit, aṣọ rọ́bà tá a fi ń wọ omi, èyí tí wọ́n rán fún iṣẹ́ yìí máa ń ní fóòmù níbẹ̀ láyà, tí tiyín ò bá ní, ọ̀la lẹ máa rí àpá ẹ̀, tèmi ṣe dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ibí yìí wá ni mo ti ń ṣe é sódì. Èmi máa ń jókòó gbọnrangandan, màá na apá síwájú, màá wá fi apá nìkan fà á. Bàbá yẹn ní rárá, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n wo ẹ̀yìn àwọn. Wọ́n ká ẹ̀yìn kò bí ológbò, èjìká wọn lọ síwájú, ọwọ́ wọn wá débi tọ́wọ́ ò lè dé tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbá rọ́bà ọ̀tún mú, ọwọ́ òsì gbá ti òsì mú, àtẹ́lẹwọ́ ló gbà á tán, kì í ṣe ìka. Wọ́n wá yọ àyà síta. Ṣé ẹ gbọ́, àyà ló kọ́kọ́ gbéra, ó ń ti ìbọn lọ síwájú, ìgbà yẹn ni ìgúnpá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀yìn wọn nà, èjìká ṣí, ó sì parí. Bí ẹni tó ń fi ìgúnpá ti àwọn tó há a mọ́ lẹ́yìn nínú mólúè. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré.

Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ bọ̀ ni o. Tí ọ̀kan bá ṣáájú, wishbone á wọ́, á fẹ̀gbẹ́ kan jókòó sórí eyín, irin á sì lọ síbòmíì tẹ́ ẹ bá yìn ín. Tó bá ti dé orí eyín, ẹ má tíì jù ú sílẹ̀, ẹ wo ọ̀tún ẹ wo òsì, kẹ́ ẹ wá dẹ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí eyín á fi gba ẹrù náà. Ẹ má ki ìka bọ àárín wishbone láé, rọ́bà tó ti nà tó ìlọ́po 3 ò mọ ìka yàtọ̀ sí irin. Ojú náà, ẹ má gbé e sókè ìlà irin, ẹ gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Tí kò bá ṣe é fà lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ìdí tí eyín fi ju ẹyọ kan lọ nìyẹn. Ẹ fà á dé eyín tó sún mọ́ imú ìbọn, ẹ fi kọ́ ọ, ẹ sinmi, ẹ mí, ẹ wá yí ọwọ́ padà kẹ́ ẹ gbá a mú nítòsí wishbone, kẹ́ ẹ fà á dé ti ẹ̀yìn. Ìbọn tó bá gùn ju apá yín lọ, bíi 110 cm sókè fún ọ̀pọ̀ wa, ìbàdí lẹ máa kọ́kọ́ gbé ìdí ẹ̀ lé, níbi tí itan ti pàdé ara, ẹ fà á dé eyín àkọ́kọ́, ẹ wá gbé e sáyà láti parí ẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ wo ibi tẹ́ ẹ gbé e lé kẹ́ ẹ tó fà á, mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ìbọn 75 cm tàbí 90 cm pẹ̀lú rọ́bà kan ti tó, rọ́bà 14 mm sì rọrùn fà ju 16 mm lọ. Tó bá jẹ́ rọ́bà méjì, ẹ parí ọ̀kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má sì fi ìpara oòrùn pa àtẹ́lẹwọ́, ó ń yọ̀ bí ilá, epo inú ẹ̀ tún ń ba rọ́bà jẹ́.

Ìbọn ti lóòdù, ìka kúrò lórí tírígà, imú kọjú sísàlẹ̀ síbi tí kò séèyàn. Séfútì, ohun tó ń ti tírígà pa, wà lára ọ̀pọ̀ ìbọn, ẹ fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣe bíi pé kò sí níbẹ̀. Ẹ má wá rì lójú ẹsẹ̀ o! Fífà yẹn ti mú ọkàn yín sáré, tẹ́ ẹ bá ń mí gulegule tẹ́ ẹ sì rì báyẹn, ẹ lè dákú nínú omi láìmọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ dojú bolẹ̀ lórí omi, ẹ fi snorkel, páìpù tá a fi ń mí lórí omi, mí jẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú bíi méjì mẹ́ta kí ọkàn balẹ̀. Ẹnì kan rì, ẹnì kejì wà lókè tó ń wò ó, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, ẹni tó bá ń dá lọ, mi ò bá a dé ibẹ̀.

Bàbá yẹn, kí wọ́n tó wọ omi, wọ́n á fi ìka mẹ́ta kan omi, wọ́n á ní "Yemayá". Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní, Bàbá, Yemọja ni wọ́n ń pè é nílé wa, odò Ògùn la sì mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn, òkun ni ilé rẹ̀. Mo ní ó dáa, ó kọjá òkun wá sọ́dọ̀ yín, ó yẹ kó ní ilé tó tóbi. Ẹ̀rín pa wọ́n.

Yíyọ ẹ̀ ló kù, òun làwọn èèyàn sì ń gbàgbé torí ó ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ má fọwọ́ kan àkàbà ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọn tó ṣì lóòdù. Ìdí ìbọn padà sáyà, ẹ gbá rọ́bà mú lọ́tùn-ún lósì, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí wishbone gbéra lórí eyín, ẹ wá tẹ̀ lé e lọ síwájú, jẹ́jẹ́, kó má já mọ́ yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ méjì, èyí tẹ́ ẹ fà kẹ́yìn lẹ máa kọ́kọ́ yọ. Tí agbára ò bá sí mọ́, ẹ yìn ín sínú omi sórí iyanrìn tí kò sẹ́nikẹ́ni nítòsí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fa irin wálé.

Òfin ní kúkurú: láísẹ́ǹsì ẹja omi iyọ̀ lẹ máa ní, ẹ jìnnà ní yáàdì 100 sí etíkun tí gbogbo ayé ti ń lúwẹ̀ẹ́ àti afárá tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀ pẹja, omi tí kò níyọ̀, ẹ má lò ó níbẹ̀ rárá, John Pennekamp, ọgbà ìpamọ́ òkun ìjọba ní Key Largo, ẹ má tiẹ̀ gbé ìbọn débẹ̀. Àsíá pupa tí ìlà funfun gbà á kọjá láti igun kan dé igun kejì, tó ń sọ fáwọn ọlọ́kọ̀ pé èèyàn wà nísàlẹ̀, gbọ́dọ̀ wà lórí omi, kẹ́ ẹ má sì jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ lójú òkun, 100 tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà. Ẹja tí mo fẹ́ràn kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni lionfish, àlejò tó wá láti òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì tó ń jẹ ọmọ ẹja wa tán, kò ní iye tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má pa jù, kì í sì í sá. Ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹ̀ ní oró o, ẹ má fọwọ́ lásán yọ ọ́ lára irin.

Tẹ́ ẹ bá délé, omi tí kò níyọ̀ lẹ máa fi ṣan gbogbo ẹ̀, rọ́bà, tírígà, irin, kẹ́ ẹ fi síbi tóòrùn ò dé. Tèmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn báluwẹ̀ báyìí, rọ́bà nìkan ni mo yọ kúrò lára ẹ̀, mo fi àpò nylon dúdú wé e, ìyàwó mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló ń rùn bíi táyà tuntun nínú ilé.