Àṣìṣe táa máa ń ṣe sáwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sílùú òyìnbó

Tó bá ti di December báyìí, àwọn ará London, Houston àti Toronto á ti kó ọmọ dé sí Abẹ́òkúta, inú gbogbo wa á dùn, a ó pa adìyẹ, àmọ́ kí wọ́n tó padà àwọn ọmọ yẹn á ti máa bẹ mọ́mì wọn pé àwọn ò wá mọ́. Àwa náà la fà á o.

Ẹ̀rín ló burú jù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀ mà" nígbà tílẹ̀ ti ń ṣú, ohùn ẹ̀ wá ń dún bíi tòyìnbó, làwọn àǹtí bá bú sẹ́rìn-ín, ìkan ti gbé fóònù jáde, "tún un sọ, jọ̀ọ́ tún un sọ", kílẹ̀ tó mọ́ fídíò ti wọ grúùpù mọ̀lẹ́bí lórí WhatsApp. Ọmọ yẹn ò ní lanu sọ Yorùbá mọ́. Ẹ sì wò ó o, ó kúnlẹ̀, ó kí yín, ó fi "ẹ" sí i, àsìkò nìkan ló ṣì. Ẹ kàn dá a lóhùn pé "kúùrọ̀lẹ́ o, ọmọ mi", á fetí gbé e fúnra ẹ̀.

Àwọn màmá àgbà náà ńkọ́? Ẹni tó ń fi Ẹ̀gbá pọ́ńbélé nájà ní Lafẹ́nwá látàárọ̀, tí ọmọ-ọmọ bá ti pè báyìí, ó di "How are you, how is school". Mà, ẹ jọ̀ọ́, òyìnbó pọ̀ níbi tó wà! Ẹ pè é ní Àbẹ̀kẹ́ ẹ, ẹ kì í, ẹ bi í pé kí ló jẹ. Kò ní gbọ́ gbogbo ẹ̀, kò burú.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ẹ wà lọ́hùn-ún náà, ẹ yé fi òfin ọdún tẹ́ẹ kúrò nílé tọ́mọ. Ẹni tó lọ ní 1992 á máa pariwo pé "nílé, a kì í ṣe báyẹn", ilé wo? Ẹ lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, kẹ́ẹ wò ó. Ẹ̀kọ àti ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya àdìrẹ tẹ́lẹ̀, ẹlú ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, lónìí àbẹ́là yíyọ́ àti aró òyìnbó ló pọ̀ jù, oríṣiríṣi àwọ̀, a sì ń wọ kàǹpálà lọ ìgbéyàwó láìtijú. Tí ọmọ bá rán àdìrẹ mọ́ jíìnsì ẹ̀, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ìlú yìí gan-an, àwọn tógun lé ló tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó àwọn Ẹ̀gbá dé lọ́dún 1830, orúkọ ìlú tógun fọ́ ni wọ́n gbé wá, ìdí nìyẹn táa fi ní àdúgbò Kémta, Ìporò àti Ìgbẹ́ìn títí dòní, àwọn Òwu náà wá bá wọn lẹ́yìn náà, wọ́n ní ọba tiwọn, Olówu, síbẹ̀ wọ́n jọ ń jagun pọ̀ ni. Wọ́n di orúkọ àti oyè mú, wọ́n yí èyí tó kù padà.

Àṣìṣe míì ni pé tọ́mọ ò bá ti gbọ́ èdè, a ti kà á mọ́ òyìnbó nìyẹn. Àwọn ọmọ Yorùbá tọ́kọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n já sí Freetown ní Sierra Leone, èdè Krio làwọn ọmọ wọn ń sọ báyìí, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣe àsè awujoh fáwọn tó ti kú, eégún wọn ṣì ń jáde. Mi ò ní kẹ́ẹ má kọ́ wọn lédè o, ẹ má kàn lé wọn dànù.

Ti aṣọ ẹbí àti ọ̀wàm̀bẹ̀, mi ò ní sọ púpọ̀. Jọ̀lọ́ọ̀fù lẹ́ẹ̀kan lóṣù kọ́ làṣà, kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé nìkan ò sì tó.

Ìkan tó kù tó máa ń bí mi nínú ni báa ṣe ń ṣe wọ́n bí àlejò. Wọ́n á gun Olúmọ, wọ́n á ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó máa mú wọn dé agboolé bàbá wọn, tí wọ́n bá bi ọmọ léèrè ará ibo ni, "Abẹ́òkúta" ló mọ̀. Ìjẹun ni àbí Ìtokò? Ẹ mú un débẹ̀, kó mọ ojú àwọn àbúrò bàbá ẹ̀, kó jókòó lórí pèpéle kó jẹ ẹ̀pà. Owó ọ̀kadà nìkan ló máa ná yín.