Ọṣẹ olómi mi kọ̀, kò ki: iyọ̀ kọ́ ni oògùn rẹ̀

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ọṣẹ yìí fa wàhálà. Texapon, èròjà tó ń mú ọṣẹ hó tó sì ń fọ ìdọ̀tí, ni mo ti ń lò tẹ́lẹ̀: bó bá ṣàn jù, mo bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, á ki. Ni mo bá pààrọ̀ rẹ̀ sí decyl glucoside, èròjà míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n ń fi òróró àgbọn àti ṣúgà àgbàdo ṣe. Mo bu iyọ̀ sí i títí, ó ń ṣàn bí omidùn.

Ohun tó fà á ni pé Texapon ní agbára iná lára, àwọn ẹyọ rẹ̀ ń ti ara wọn sẹ́yìn. Iyọ̀ ló ń pẹ̀tù sí wọn tí wọ́n fi ń lọ́ mọ́ra, tí ọṣẹ fi ń ki. Glucoside kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ìjà wo ni iyọ̀ fẹ́ là?

Mo po gíráàmù 10 xanthan gum, ìyẹ̀fun tó ń mú nǹkan olómi ki, mọ́ glycerin kó má baà ṣe kókó, mo dà á sínú omi lítà 1, mo rò ó dáadáa, kí n tó da glucoside sí i. Ó ki! Àmọ́ pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan sí, ṣì ga (bó bá ṣe ga tó ni kò ṣe kan tó), mo fi citric acid, èròjà kíkan bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́, fà á wálẹ̀ sí bíi 6, díẹ̀díẹ̀. Kì í hó tó Texapon, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbẹ mọ́.