Ẹ yé ra telescope: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá ń ṣàlàyé ìràwọ̀ ńlá fún ọmọdé

Ọ̀dọ́ tísà kan pè mí láti Oǹdó lóṣù tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rà á o!" Mo ní kí ló rà. Ó ní telescope. Iye tó dárúkọ tó owó oṣù rẹ̀ méjì. Ó fẹ́ fi han àwọn ọmọ Piráímárì 5 bí Betelgeuse, ìràwọ̀ ńlá pupa kan, ṣe tóbi tó. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń kọ́ ọmọdé nípa ìràwọ̀ ní Àkúrẹ́ nígbà ìsinmi, ọdọọdún sì ni ẹnìkan ń pè mí báyìí. Wọn kì í pè kí wọ́n tó náwó. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti ná an tán ni wọ́n máa ń rántí mi.

Àkọ́kọ́, telescope náà. Ìràwọ̀ kì í tóbi nínú rẹ̀. Òṣùpá á tóbi, ẹ sì lè rí òrùka Sátọ́ọ̀nù tí ẹ bá ní sùúrù, àmọ́ ìràwọ̀ jìnnà débi pé, bó ti wù kó tóbi tó, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ bíńtín ni yóò máa jẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Michelson àti Pease, kọ́kọ́ wọn ìbú Betelgeuse ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1920, telescope tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 100 ni wọ́n lò, wọ́n tún gbé ọ̀pá irin 20 ẹsẹ̀ bàtà dábùú orí rẹ̀ tòun ti dígí mìíràn. Síbẹ̀, ìṣirò ni wọ́n fi mọ ìbú rẹ̀, wọn ò rí i roboto bíi bọ́ọ̀lù. Èyí tí wọ́n gbé fún yín nínú páálí ńkọ́? Dígí rẹ̀ ò ju ẹnu ife tíì lọ.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà rà á. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé orí Àkúrẹ́ gan-an ni Betelgeuse ń gbà kọjá, àtàrí wa bayìí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí telescope olówó pọ́ọ́kú dúró lé kì í jẹ́ kó wo òkè tààrà. Mo kúnlẹ̀, kò ṣeé ṣe. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, ọrùn mi wọ́. Àwọn ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n tò sẹ́yìn mi. Nígbà tí mo rí i mú, ọmọbìnrin tó wà níwájú yọjú wò ó, ó gbójú sókè wo ojú ọ̀run, ó tún yọjú wò ó. Ó ní, "Tísà, ó ti kéré sí i."

Èkejì, bọ́ọ̀lù. Ẹ máa ń fi ẹyin tẹ́níìsì orí tábìlì ṣe ayé, ẹ sì ń fi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ṣe oòrùn. Ìbú bọ́ọ̀lù yẹn ò tó ìlọ́po mẹ́fà ti ẹyin náà, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po 109 ni ìbú oòrùn fi ju ti ayé lọ. Irọ́ lẹ fowó rà.

Ẹ lọ sí Ọjà Ọba, ẹ ra ọsàn kan àti okùn ìsáṣọ. Ó tán. Ọsàn tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7 ni oòrùn. Ayé wa kò ní tó hóró tẹ̀tẹ̀ kan, mítà 7 àti ààbọ̀ ni yóò sì wà sí ọsàn náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan lọ dúró síbẹ̀, kó fi hóró iyanrìn kan sí àtẹ́lẹwọ́. Kí òmíràn dúró ní mítà 11, òun ni Máàsì. Júpítà wà ní mítà 39, ẹni tó bá ga jù ni kí ẹ fi ṣe é, torí yóò máa yangàn. Wàyí o, ẹ wọn okùn mítà 24 àti ààbọ̀, kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú nídìí ọsàn, kí ìyókù di ìdí rẹ̀ mú, kí wọ́n sì rìn yíká pápá. Ibi tí wọ́n ń gbà yẹn ni etí Betelgeuse, tí a bá fi í sípò oòrùn. (Ìlọ́po 700 ìbú oòrùn ni mo lò, ìdajì rẹ̀ sì ni okùn náà. Àwọn onímọ̀ mìíràn á ní ó dín díẹ̀ tàbí ó lé, ẹ má tìtorí ìyẹn bá mi jà.) Okùn á gbá ọmọ tó ń ṣe ayé láyà, á gbá Máàsì, Júpítà nìkan ni yóò bọ́. Ọdún kan, ọmọ tó ń ṣe ayé ju iyanrìn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sá lọ bá Júpítà.

Tí wọ́n bá bi yín pé ọsàn tó kàn ńkọ́, ìyẹn Alpha Centauri, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù, ẹ sọ fún wọn pé ó wà ní Sàró, ní Freetown, nǹkan bí 2,000 kìlómítà sí pápá yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ má tẹ báńà "ìràwọ̀ tó tóbi jù lọ." Mo tẹ UY Scuti sára tèmi gàdàgbà, ìlọ́po 1,700 oòrùn. Ìgbà tí wọ́n tún jíjìn rẹ̀ wọ̀n, nọ́ńbà náà já wálẹ̀ gidigidi. Báńà mi ló wà lórí ilé adìyẹ ìyá mi báyìí, òjò ò sì rí àwọn adìyẹ gbé ṣe.

Ẹ má pe mílíọ̀nù sí ọmọdé létí, ariwo lásán ni. Ẹ fi bààlú ṣe é. Bààlú tó ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí kan yóò yí ayé po láàárín ọjọ́ méjì, yóò yí oòrùn po ní nǹkan bí oṣù méje. Betelgeuse? Nǹkan bí 390 ọdún.

Èyí tó tàn jù kọ́ ló tóbi jù. Sirius ló tàn jù lójú ọ̀run alẹ́, ìbú rẹ̀ ò sì tó oòrùn méjì.

Òmíràn tún ni pé ẹ ó ní ó tóbi, nítorí náà ó wúwo. Betelgeuse ò wúwo tó ogún oòrùn, ṣùgbọ́n ó lè gba ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù oòrùn mélòó kan sínú. Ó fẹ́lẹ́ ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ! Ìràwọ̀ tó ń darúgbó tó sì wú ni. Gààrí ni mo kọ́kọ́ fi ṣàpẹẹrẹ rẹ̀, títí ọmọ kan fi bi mí pé, "Tísà, omi wo ni wọ́n bù sí i?" Mo dákẹ́ lọ gbári. Gúgúrú ni mo ń lò báyìí: kò sẹ́ni tó bu omi sí i, ooru inú rẹ̀ ló tì í síta. Àwọn ọmọ á sì jẹ àpẹẹrẹ náà tán kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ìràwọ̀ náà hàn wọ́n, ẹ dúró di ìparí oṣù Kejì. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí gbogbo yín dùbúlẹ̀. Èyí tó pọ́n bí ẹyin iná lókè orí yín nìyẹn. Tí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, ẹ má ráhùn lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ sì ka okùn yín kí àwọn ọmọ tó lọ. Mẹ́ta nínú tèmi ni wọ́n ti fi so ewúrẹ́.