"Ìjà àṣà" kọ́ o: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka lítíréṣọ̀ ẹ̀yìn ìjọba amúnisìn

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìwé tí àwọn ọmọ ilẹ̀ tí òyìnbó ti jọba lé lórí rí kọ máa ń ṣe àṣìṣe kan náà. Kíláàsì ò tíì gbéra sọ, owó ti tán lápò wọn lórí ìwé tíọ́rì mẹ́rin, ìyẹn ìwé àbá àwọn ọ̀mọ̀wé, wọn ò sì tíì ra ìwé ìtàn àròsọ kan ṣoṣo. Tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ bá dé, "amúnisìn", "ìdánimọ̀" àti "ìjà àṣà" ló kún ẹnu wọn. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ló pa Ikemefuna nínú Things Fall Apart, ìwé Chinua Achebe, wọn á máa wòkè. Ẹ ti mọ ohun tí ìjọba amúnisìn jẹ́, n ò ní tún un ṣàlàyé. Ibi tí owó àti máàkì yín ń gbà lọ ni kí a wò.

1. Ríra tíọ́rì ṣáájú ìtàn. Ẹ ka ìwé ìtàn mẹ́ta tán ná, ọ̀kan láti Áfíríkà, ọ̀kan láti àwọn erékùṣù Kàríbíànì, ọ̀kan láti Íńdíà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí tíọ́rì. Orientalism, ìwé ọ̀mọ̀wé Edward Said tó jáde ní 1978, èyí tí gbogbo yín ń tọ́ka sí, bí àwọn ọ̀mọ̀wé Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ̀wé nípa ilẹ̀ Lárúbáwá àti àwọn Mùsùlùmí ló dá lé jù lọ. Kì í ṣe àgbo gbogboǹṣe tí èèyàn ń bù wọ́n Èkó àti Kingston ní Jàmáíkà bákan náà. Frantz Fanon, dókítà ọmọ Màtìníìkì tó kọ̀wé tako ìjọba amúnisìn, ńkọ́? Èdè Faransé ló fi kọ ìwé rẹ̀ ti 1961, èyí tí wọ́n ń pè ní The Wretched of the Earth ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà, ti Constance Farrington àti ti Richard Philcox tó jáde ní 2004, ojú ìwé wọn ò sì bára mu. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó túmọ̀ èyí tí ẹ lò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ yín wò á ṣí ojú ìwé tí ẹ kọ síbẹ̀, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

2. Dída gbogbo ìlú pọ̀ bí àdàlú. Ní Kẹ́ńyà, àwọn òyìnbó gba ilẹ̀ oko tó dára jù, wọ́n sì jókòó sórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í fi tán nínú ìwé Ngũgĩ wa Thiong'o, òǹkọ̀wé ọmọ ibẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn ọba àti ìjòyè ni wọ́n fara pamọ́ sí láti ṣèjọba, nítorí náà ìwé tiwa sábà máa ń jà lórí oyè àti àṣẹ. Ní Jàmáíkà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ pàdánù èdè ìyá wọn, Pátwà, èdè tó gbilẹ̀ níbẹ̀, ni àwọn ọmọ wọn gbọ́njú bá. Ẹ rántí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó pàṣẹ fún gbogbo òǹkọ̀wé pé kí ó padà sí èdè abínibí bí Ngũgĩ ṣe ṣe. Gĩkũyũ, èdè ìyá rẹ̀, wà tí Ngũgĩ lè padà sí. Èwo ni ti Louise Bennett, akéwì ọmọ Jàmáíkà? Pátwà tó fi kéwì yẹn gan-an ni èdè rẹ̀. Ẹ má sì pè é ní Gẹ̀ẹ́sì tó fọ́. Ó ní gírámà tirẹ̀: "di bwai dem" ni "àwọn ọmọkùnrin náà", "dem" tó wà lẹ́yìn ń ṣe iṣẹ́ tí "àwọn" ń ṣe fún wa níwájú.

3. Gbígba ọ̀rọ̀ asọ̀tàn gbọ́ bí ẹ̀rí kóòtù. Saleem, asọ̀tàn inú Midnight's Children (1981) ti Salman Rushdie, ṣi ọjọ́ tí wọ́n pa Gandhi kọ, ó tún jẹ́wọ́ fún wa. Rushdie mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Okonkwo inú Things Fall Apart kì í ṣe gbogbo Umuofia, ìlú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́.

Èyí tó kàn yìí, ẹ má bi mí pé nọ́ńbà mélòó ni, torí ó máa gbà mí ní àyè. Ẹ̀ ń ṣí Death and the King's Horseman tí Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975, ẹ rí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ní Ẹlẹ́ṣin Ọba ò gbọdọ̀ bá ọba kú, ó tán: "àṣà Yorùbá àti ti òyìnbó forí gbárí." Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí kò gùn rárá, ó sì kìlọ̀ níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kà á bẹ́ẹ̀. Ó ní òyìnbó kàn jẹ́ ohun tó ṣokùnfà ọ̀ràn ni. Ẹ̀yin wá fò ó kọjá.

Ẹ mú pẹ́ńsù. Ìran márùn-ún ló wà. Ẹ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọjà, ilé Pilkings (ajẹ́lẹ̀ náà), ọjà, ibi ijó àwọn òyìnbó, yàrá onírin tí wọ́n há Ẹlẹ́ṣin mọ́. Kò sí òyìnbó kankan nínú ìran kìíní. Ibẹ̀ gan-an ni Ẹlẹ́ṣin ti rí ọmọge tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà, tó ní òun ń fẹ́ ẹ lálẹ́ ọjọ́ tí òun ń lọ. Ìyálọ́jà gbà, torí ta ló máa fi nǹkan du ẹni tó ń lọ sọ́run, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un. Pilkings ò tíì gbọ́ nǹkan kan nígbà yẹn, ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò ti ń wúwo! Tó bá di ìran karùn-ún, Ẹlẹ́ṣin ń to àwọn tó ti di ẹ̀bi rù fún ìyàwó tuntun yìí gbọ́: òyìnbó lákọ̀ọ́kọ́, àwọn òrìṣà tẹ̀ lé e, ó wá ń ṣe òun bí ẹni kí òun di í ru ìyàwó náà. Òyìnbó nìkan ni ẹ̀yin rí kà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí ó bá jẹ́ ìjà àṣà ni, Olúńdé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó pín sí méjì. Òun lọ́kàn rẹ̀ balẹ̀ jù nínú gbogbo wọn; òun ló wálé wá kú dípò bàbá rẹ̀. Àmúsà ńkọ́? Mùsùlùmí ni, ọlọ́pàá ìjọba ni, síbẹ̀ ó kọ̀ láti jábọ̀ ọ̀rọ̀ ikú fún Pilkings níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀kú egúngún wà lọ́rùn ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ máa tò ó sí?

Ọdún náà tún wà níbẹ̀. 1946 ni Ṣóyínká kọ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ẹ̀yin sì ń dà á kọ bí ìtàn Ọ̀yọ́. 1944 ni Aláàfin Ládìgbòlù, ọba tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà wáyé lẹ́yìn ikú rẹ̀, wàjà.

Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ìwé pẹlẹbẹ tó ń ṣe àkótán ìtàn, ẹ fi wá Ọba Wàjà tí Dúró Ládiípọ̀ ṣe lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ní 1964, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tó bá jẹ́ eré tí ẹ̀bi ti wà lọ́rùn ajẹ́lẹ̀ lẹ̀ ń wá, ti Ládiípọ̀ ló sún mọ́ ọn.