Bẹ́ ẹ ṣe máa kó àwọn ọmọ lọ sí Ìkéré-Èkìtì, ìlú akéwì Níyì Ọ̀ṣúndáre, kẹ́ ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: ẹ má jẹ iyán kẹ́ ẹ tó dé ìdí òkè Olósùnta. Mo ti rí àwọn tó ṣe é. Iyán gbígbóná pè wọ́n, wọ́n jókòó tì í, ìgbà tí wọ́n fi máa dìde oòrùn ti mú, bàbá ń hanrun nínú mọ́tò, àwọn ọmọ ń sunkún, òkè tí wọ́n torí ẹ̀ wá, inú fóònù ni wọ́n ti padà wò ó.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ka ewì kan fáwọn ọmọ. Ìkéré ni wọ́n bí Ọ̀ṣúndáre sí lọ́dún 1947, ọmọ àgbẹ̀ ni, nínú The Eye of the Earth tó gbé jáde lọ́dún 1986, òkè Olósùnta àti Òròlé ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Òyìnbó ló fi kọ ọ́, èmi máa ń túmọ̀ ẹ̀ fún wọn bí mo ṣe ń kà á lọ. Ẹyọ kan péré o, tó bá di méjì wọ́n á sùn lọ.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kẹ́ ẹ kúrò l'Adó-Èkìtì, kì í ṣe mẹ́fà ààbọ̀. Ẹni tí ò ní mọ́tò, kó wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́, kó sọ̀ ní Ìkéré, àmọ́ ẹ ná owó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, kí wọ́n má baà gba owó Àkúrẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ò nílò kúlà, píọ̀ wọ́tà tó ti dì ti tó, ẹ fi táwẹ̀lì wé e.

Òkè gan-an ni wàhálà. Wọ́n ń bọ Olósùnta, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún ẹ̀, torí náà ẹ ò lè kàn máa gùn ún bíi pé ilé bàbá yín ni. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò, ẹ kí wọn dáadáa, tí wọ́n bá ní ẹ dúró nísàlẹ̀, ẹ dúró nísàlẹ̀. Kí ọmọ kankan má fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sára àpáta.

Tí wọ́n bá gbà fún yín, kánfáàsì ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ gbàgbé ẹ̀, àpáta tútù ń yọ̀ ju ilá lọ. Àgbà kan, ọmọ kan: ẹ̀yin méjì ẹ ò lè kó ọmọ mẹ́rin gòkè. Gígùn ò ṣòro, sísọ̀kalẹ̀ ló ń mú èèyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìdí wọ́ ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́, ṣòkòtò tó bá ya, ẹ ó rán an. Èmi, igi mọ́ọ̀pù ni mo fi ń tilẹ̀, kò sí ọ̀pá olówó ńlá tó jù ú lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ààfin Ọgọ́gà, ọba Ìkéré. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan síbẹ̀ nígbà kan, àmọ́ ẹ má ṣèlérí ẹ̀ fáwọn ọmọ o, ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1924, òpó kan tó gbẹ́ síbẹ̀ náà wà ní Chicago. Ẹ má sì máa kanlẹ̀kùn káàkiri pé ilé akéwì dà, ilé onílé ni.

Ìgbà yìí ni iyán kàn. Ẹ má wo pátákó o, ẹ tẹ́tí: ibi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ odó, gbì, gbì, gbì, ẹ wọbẹ̀.